Èmi Ni Mo Nu Ìda Kúrò Nínú Móòdù Ẹtu

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún mẹ́wàá. Èrò mi ni pé èmi àti ẹ̀ la ó jọ wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, wọ́n mú ìwé pẹlẹbẹ kan wá fún mi, wọ́n ní ìtàn ilé-iṣẹ́ wa ló wà nínú rẹ̀. Tóyìn, ọmọ-ọmọ mi, kà á sí mi létí. Nígbà tó kà á dé ibì kan, mo ní kó dúró. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà dojú dé nítorí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Bọ̀dé, pé kò fi ìda pa móòdù dáadáa. Irọ́ ni. Bọ̀dé fi ìda pa á. Èmi ni mo nù ún kúrò.

Mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Mi ò kàwé. Tóyìn ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní òun máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe fẹ́, àfi ibi tí èèyàn bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ bí onítọ̀hún ṣe sọ ọ́. Mo tún ní kò gbọdọ̀ fi ẹkún kún un. Mi ò sunkún.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi ọwọ́ mi ṣe ní Ìkọ̀lé. Àga ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn, pósí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi tó ti kú máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, àfi kí òun da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀.

Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọmọ ìlú wa kan dé láti òkè òkun. Enjinníà ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́hùn-ún, ó ti pẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ó ní òun fẹ́ máa ṣe mọ́tò ní Ìkọ̀lé, mọ́tò asáré, èyí tó kúrú nílẹ̀, tó jẹ́ èèyàn méjì péré ló ń jókòó sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìlú tí iná kì í tàn fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ṣe mọ́tò.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kò sí ohun tí ẹ ò lè fi ugi gbẹ́."

Mo ní kí ló fẹ́ kí n gbẹ́.

Ó ní, "Mọ́tò."

Mo ní, "Ta ló kú tí o fẹ́ fi pósí mọ́tò sin?"

Ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó sórí tábìlì ìfági mi. Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ ó kọ́kọ́ fi igi gbẹ́ ara mọ́tò náà, odindi, bó ṣe máa tóbi tó. Ẹ ó fá a, ẹ ó fi sáńpépà bó o títí yóò fi máa dán. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá tẹ́ fáíbà bo igi náà. Fáíbà yìí dà bí aṣọ funfun wúruwùru kan, ó ń yúnni lára bíi wèrèpè. Ẹ ó máa fi oje kan tí wọ́n ń pè ní résìn rin ín. Tó bá gbẹ, á le bí egungun. Tí ẹ bá ṣí i kúrò lára igi, ohun tó wà lọ́wọ́ yín nìyẹn, òun ni móòdù, bí èyí tí àwọn ẹlẹ́búlọ́ọ̀kù ń lò. Inú rẹ̀ lẹ ó ti máa tẹ ara mọ́tò jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Igi ló bí móòdù. Móòdù ló ń bí mọ́tò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìda pa inú móòdù. Ẹ ó pa á, ẹ ó fi aṣọ nù ún kó dán, ẹ ó tún un pa. Ẹ̀ẹ̀meje. Bí ẹ bá fo ibì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mọ́tò á lẹ̀ mọ́ móòdù níbẹ̀. Àwọn méjèèjì á di ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ya wọ́n, wọ́n á ya lóòótọ́, wọ́n á ya bí aṣọ.

Oṣù méje ni mo fi gbẹ́ ti wa. Igi arère ni. Enjinníà ya àwòrán kan wá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ga jù. Mo sọ fún un. Ó ní kí n ṣe é bí mo bá ṣe rí i. Imú náà, àti èjìká tó wà lókè táyà ẹ̀yìn, àti ibi tí ìdí rẹ̀ ti rọra sọ̀ kalẹ̀, èmi ni. Kò sí nínú bébà. Mo máa ń di ojú, màá fi ọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ọwọ́ lè sọ ibi tó wú fún mi. Enjinníà sọ mọ́tò náà ní Ẹtu, torí ó jọ ẹran tó fẹ́ ta kúrò nínú igbó.

Mo bi Enjinníà léèrè pé tí a bá ṣe móòdù tán, kí ló máa kan igi náà.

Ó ní, "Tiyín ni, Bàbá. Ẹ máa gbé e lọ sí ulé."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, mi ò fi ọ̀kan kún un. Mo kó àga kúrò ní pálọ̀ mi. Mo fọ́ ògiri iwájú, mo fẹ ẹnu ọ̀nà kó lè gba Ẹtu onígi wọlé. Ìyàwó mi ní orí mi ti yí.

Àwa méjìlá la wà nílé-iṣẹ́ náà. A máa ń ra àlòkù mọ́tò ìjàpá, a ó bọ́ ara rẹ̀ dànù, a ó wá gbé ara Ẹtu lé orí ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bọ̀dé ló ń fi ìda pa móòdù. Ọmọ Ìrèlé ni, kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Tó bá ti ń nù ún, á máa kun orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ imú, bí ẹ bá pè é, kò ní gbọ́. Mo fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Mi ò sọ fún un rí.

Nígbà tí Ẹtu àkọ́kọ́ jáde, tó pupa fòò, Enjinníà wà á láti Ìkọ̀lé gba Ọyẹ́ dé Ìfàkì. Èmi ni mo jókòó ti í. Àwọn èèyàn ń sá tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a dúró ní Ìfàkì, obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí mọ́tò náà ká. Ó ní, "Èrò mélòó lí gbé?"

Enjinníà ní, "Ẹyọ kan."

Obìnrin náà ní, "Ẹyọ kan? Ẹ̀yin náà ẹ mà kó wàhálà bá ara yín o. Ṣé ọ̀kadà tán ni?"

A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò bá Enjinníà ṣọ̀tá tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdúpẹ́ Ẹtu yìí, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá dáná ní àgbàlá ilé-iṣẹ́. Lọ́sàn-án, mo mú àbúrò mi méjì àti ọmọlańkẹ́ kan wá, a fẹ́ wá gbé igi mi. Mi ò rí i níbi tó wà. Mo yí sẹ́yìn ilé. Imú Ẹtu ni mo kọ́kọ́ rí. Ó yọ jáde lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Wọ́n ti fi àáké la ìyókù.

Obìnrin tó ń ro ọbẹ̀ rí mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Bàbá, ugi yín yìí mà kúkú dáa o! Kò léèéfín rárá."

Mo lọ bá Enjinníà láàárín àlejò. Ó gbá mi mọ́ra. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Háà, Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n bèèrè ugi, mo ní kí wọ́n mú èyí tó gbẹ. Ṣebí a ti ní móòdù? Kí la tún fẹ́ fi ugi ṣe?"

Ó wá bu ìrẹsì fún mi. Ẹ gbọ́ o, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́, mo ti ọmọlańkẹ́ òfìfo padà sílé. Odidi ọdún kan ni mi ò fi sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀.

Láàárín ọdún náà, a tẹ méjì mìíràn jáde. Aláwọ̀ ọsàn lọ sí Adó, aláwọ̀ aró sì lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń gbé ní Ìdó. Àwọn ará Èkó wá wò ó, wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́jọ. Enjinníà ń jó. Ó ń sọ fún àlejò gbogbo pé, "Móòdù yìí ni ẹ̀mí ulé-iṣẹ́ wa." Ó máa ń fọwọ́ lu móòdù náà bí ẹni ń lu ẹṣin rẹ̀ lẹ́yìn. Èmi á dúró níbẹ̀, màá máa wò ó.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tẹ ìkẹrin, Bọ̀dé pa ìda keje tán, ó dán gbinrin, ó lọ jẹun. Àwọn yòókù náà ti lọ jẹun. Mo rin àkísà nínú bẹntiróòlù. Mo nu ibi imú. Mo nu èjìká méjèèjì. Mo wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kó lè dán padà. Òórùn bẹntiróòlù kì í jẹ́ tuntun nínú ilé yẹn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ fáíbà.

Mi ò ní sọ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀. Mi ò ní sọ pé èṣù ni. Èṣù kò sí níbẹ̀, ó ti lọ jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù. Èmi nìkan ni.

Lọ́jọ́ kejì tí a fẹ́ ṣí i, kò ṣí. A ki igi ṣóńṣó bọ̀ ọ́ létí, a da omi sí i, a fi òòlù onírọ́bà lù ú. Ó wá dún, ó dún bí ẹ̀ka igi ńlá tó ń ya. Imú rẹ̀ ya sínú móòdù, èjìká ya, móòdù fúnra rẹ̀ sì là láti iwájú dé ẹnu ilẹ̀kùn. Enjinníà wólẹ̀, ó fi orí kan móòdù náà.

Gbogbo ojú yí sí Bọ̀dé. Ká ní ó jà ni, ká ní ó búra, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo pa á lẹ́ẹ̀meje, Ọ̀gá. Àmọ́ èèyàn ni mí. Bóyá mo fo ubì kan."

Igi ṣóńṣó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo sọ kò ju, "Ẹ fi í lẹ̀, ó lè jẹ́ oje ni kò dáa." Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Bọ̀dé, tàbí tí mo sọ gbèjà rẹ̀.

Enjinníà wá bá mi nílé. Ó ní kí n tún igi náà gbẹ́. Mo ní ojú mi ò ríran mọ́. Ó mú bàbá ìjọ wá bẹ̀ mí, ó mú àwọn àgbà àdúgbò wá. Mo ní ojú mi ò ríran mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbẹ́ àga mẹ́fà fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọyẹ́, kò sì sí ẹni tó bi mí pé ojú wo ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ó lọ wá agbẹ́gi mìíràn. Èyí tí ìyẹn gbẹ́ dà bí ẹlẹ́dẹ̀ tó sùn. Àwọn ará Èkó dúró títí, wọn ò padà wá mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà tì.

Ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe iná mànàmáná ló pa á, kì í ṣe ìjọba. Ẹtu mẹ́ta ló jáde ní Ìkọ̀lé, èmi ni mo mú wọn wá, èmi náà ni mo sì dá wọn dúró.

Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò rí ẹlòmíràn bú ju Bọ̀dé. Àwọn ọmọdé máa ń sá tẹ̀ lé e lójú títì, wọ́n á máa pariwo, "Ùda ò kárí! Bọ̀dé, ùda ò kárí!" Kò sí ẹni tó tún gbé iṣẹ́ fún un. Ìyàwó rẹ̀ kò lè lọ fa omi kí wọ́n má sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Wọ́n kó kúrò, wọ́n lọ sí Ìgbólé, ó ń bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó.

Enjinníà ti kú ní èṣí. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí Ẹtu pupa náà gbà padà, wọ́n ti tún un kùn, wọ́n fẹ́ gbé e sí iwájú ilé bàbá wọn. Wọ́n ní èmi ni kí n wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀, torí èmi ni àgbà tó kù. Àwọn ló tẹ ìwé pẹlẹbẹ náà. Wọ́n pè mí ní òpó ilé-iṣẹ́ nínú rẹ̀. Orúkọ Bọ̀dé ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ bí ẹlẹ́bi, kí ọmọ-ọmọ wa lè máa kà á.

Lọ́jọ́ kẹta tí Tóyìn kà á fún mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìgbólé. Mo fẹ́ sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán fún mi. Bọ̀dé ti hewú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ní kó dìde.

Kí n tó la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà lọ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Tó bá ká kòkó, á tún yí ìdí ugi náà po, ó ní bóyá òun fo ọ̀kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti dé ulé, á ṣì máa wo òkè bí ẹni ń ka ẹyẹ."

Bọ̀dé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Fi Bàbá lẹ̀ kí wọ́n jẹun." Nígbà tí obìnrin náà wọlé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ ní kí wọ́n fi mí lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mò ń fi yín sínú àdúrà. Mo ti rò ó títí, Bàbá. Mo máa ń pa móòdù yẹn látorí dé ìdí nínú ọkàn mi, mi ò rí ubi tí mo fò. Bẹ́ẹ̀ mo sì fò ó. Láti ìgbà yẹn, mi ò gba ọwọ́ mi gbọ́ mọ́."

Mo ti fọ ọwọ́ láti jẹun. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mi ò sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní ara mi ò yá, mo padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Kì í ṣe Enjinníà ni mò ń bẹ̀. Tí mo bá dé ọ̀run, tó bá bi mí léèrè móòdù rẹ̀, màá kọ́kọ́ bi í léèrè igi mi. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi wọn, kí wọ́n bú mi, mo wà nílé. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi torí pé wọ́n dá iná sun iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo wá gba odidi ọwọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Igi mi jóná lọ́jọ́ kan, ó parí. Ti Bọ̀dé ń jó lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́wàá, èmi ni mò ń ko iná sí i, nípa dídákẹ́.

Ọmọ mi àgbà pè mí lórí fóònù láti Èkó. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ó ti pẹ́, ẹ fẹ́ dójú ti gbogbo wa." Mo ní ojú tó bá fẹ́ tì í, kó tì í. Tóyìn náà ní kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe ayẹyẹ wọn tán ná. Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: ṣé kí n lọ síbẹ̀, kí n dúró níwájú gbogbo ìlú kí n sọ ọ́, tàbí ojú Bọ̀dé nìkan ni kí n ti sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́? Tí mo bá sì sọ ọ́, ṣé ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣì lè tún ọwọ́ rẹ̀ gbà gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ dá mi lóhùn. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo ti ṣe ìyẹn, ẹ ti rí ohun tó bí.

Bọ̀dé náà ò kàwé. Tí ẹnikẹ́ni ní Ìgbólé bá rí ìwé yìí kí n tó débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ bá a lóko, ẹ ka ibí yìí fún un sókè:

Bọ̀dé, èmi ni. Mo lọ wo móòdù yẹn kí n tó nù ún. Mo tẹjú mọ́ ọn láti imú dé ìdí, torí mo rò pé bí o bá ti fo ibì kan tẹ́lẹ̀, mi ò ní í nílò láti fọwọ́ kàn án. Mo wá a títí. Mi ò rí i. Ìda rẹ kárí.